ÒKÈ LÀ Ń WÒ, A KÒ WO ÌSÀLẸ̀: ÀJỌṢE TÓ WÀ LÁÀÁRÍN IṢAN ỌRÙN ÀTI Ẹ̀FỌ́RÍ BÁRAKÚ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí àjọṣe tó wà láàárín iṣan ọrùn àti ẹ̀fọ́rí bárakú. Ohun tó ṣokùnfà rẹ̀ ni àkíyèsí wa pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti sọ oògùn ẹ̀fọ́rí di ohun tí wọ́n ń lò ní gbogbo ìgbà, láìronú kan ọrùn tó gbé orí náà dúró. A ṣàlàyé bí ọrùn ṣe rí, ọ̀nà tí ìrora inú rẹ̀ ń gbà dé iwájú orí àti ẹ̀yìn ojú, oríṣi ẹ̀fọ́rí tí ọ̀rọ̀ ọrùn kàn, ewu tó wà nínú àlòjù oògùn, àti ohun tí a lè ṣe láti fún iṣan ọrùn lókun. A tún tọ́ka sí àwọn àmì tó yẹ kó mú ènìyàn sáré dé ilé ìwòsàn. Èrò wa ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́rí ló ti ọrùn wá, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a wo orí tó ń fọ́ lemọ́lemọ́ kí a má wo ọrùn.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, “Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́.” Amúkùn-ún dáhùn, ó ní, “Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀.” Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí mu gan-an ni. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn, orí náà ni gbogbo wa ń dojú kọ. A ó fi ọ̀já dì í, a ó fi róòbù pa iwájú orí, a ó da oògùn méjì sẹ́nu, a ó sì fi omi tì í. Orí náà yóò fúyẹ́ díẹ̀. Bó bá di ọ̀la tàbí ọ̀túnla, ó tún dé. Òkè ni a wò, a kò wo ìsàlẹ̀ tí ẹrù náà ti wọ́.

Àwa tí a kọ iṣẹ́ yìí kò yọ ara wa sílẹ̀. Fún bí ọdún mẹ́ta, gbogbo àsìkò tí a bá ń máàkì ìwé ìdánwò ni orí máa ń fọ́ wa. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sán, yóò ti dé ẹ̀yìn ojú ọ̀tún. A kọ́kọ́ rò pé ibà ni, a lo oògùn ibà. A tún rò pé ojú ni, a pààrọ̀ awò ojú. A lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò, kò ga. Nígbà tó yá, oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì kan tó yẹ̀ wá wò fi ìka tẹ ibì kan lábẹ́ ìpàkọ́ wa. Ìpàkọ́ ló tẹ̀, ẹ̀yìn ojú ni ó ti dùn wá. Ó wá bi wá pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni ẹ ṣe máa ń jókòó bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́?” Ìbéèrè yẹn ló bí iṣẹ́ yìí.

A yàn láti fi èdè Yorùbá ṣe àlàyé náà nítorí pé ọ̀rọ̀ ìlera tí a kò bá lè fi èdè ẹni sọ, ó máa ń ṣòro láti fi ṣèwà hù. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni ibí. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá mọ̀ lónìí ni yóò kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́la, ní ibikíbi tí ìjọba bá gbé e lọ.

2.0 Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ tú palẹ̀ kí a tó tẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ náà ni iṣan. Nínú èdè Yorùbá, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń fi orúkọ kan ṣoṣo yìí pè. Àkọ́kọ́ ni ẹran ara tó ń sún kì, tó sì ń nà, èyí tí a fi ń gbé apá, tí a fi ń yí ọrùn. Èkejì ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, tó sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá sí ara. Ẹ̀kẹta ni ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Bí aláìsàn bá sọ pé “iṣan ọrùn ló ń dùn mí,” èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń sọ? Nínú iṣẹ́ yìí, a ó pe àkọ́kọ́ ní iṣan ẹran, tàbí iṣan lásán. A ó pe èkejì ní iṣan ìmọ̀lára. A ó sì pe ẹ̀kẹta ní iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀fọ́rí bárakú ni ẹ̀fọ́rí tí kò lọ bọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀fọ́rí lágbàáyé, International Headache Society, tó tẹ ìpínsísọ̀rí rẹ̀ kẹta jáde ní 2018, fi òdiwọ̀n sí i: ẹ̀fọ́rí tó bá ń ṣe ènìyàn fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, tó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹni tí orí fọ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìrìn àjò inú oòrùn kò sí lára àwọn tí à ń sọ.

3.0 Ọrùn àti àwọn iṣan rẹ̀

Orí àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì olítà márùn-ún tí a bu omi kún. Ẹrù yẹn ni ọrùn ń gbé láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ àfi bí a bá dùbúlẹ̀.

Eegun méje ló to ara wọn lé ara wọn nínú ọrùn. Orí jókòó lé ti òkè pátápátá, èyí tí wọ́n ń pè ní atlas. Orúkọ yìí wá láti inú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Gíríìsì, níbi tí Atlas ti jẹ́ òmìrán tó ń gbé sánmọ̀ ru. Láàárín eegun kìíní àti èkejì ni nǹkan bí ìdajì yíyí tí a ń yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì ti ń wáyé. Nítorí náà, ibi tó wà lábẹ́ ìpàkọ́ yìí jẹ́ oríta iṣẹ́: ó ń gbé ẹrù, ó sì ń yí.

Ọ̀nà méjì ni a lè pín àwọn iṣan ọrùn sí. Àwọn kan tóbi, wọ́n sì wà lókè ara. Trapezius wà nínú wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, tó tàn dé èjìká àti àárín ẹ̀yìn. Òun ni a máa ń fọwọ́ fún nígbà tí a bá ní “èjìká ń ro mí.” Sternocleidomastoid náà wà níbẹ̀, tó ti ẹ̀yìn etí wá sí òkè igbá àyà, bí a bá yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan níwájú dígí, a ó rí i tó yọ bí okùn. Àwọn kejì kéré, wọ́n sì fara pamọ́. Ní iwájú, longus colli àti longus capitis lẹ̀ mọ́ eegun ọrùn gan-an lẹ́yìn ọ̀fun. Ní ẹ̀yìn, iṣan kéékèèké mérin wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìpàkọ́.

Iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Àwọn ńlá ni alágbára tó ń gbé orí sókè, tó ń yí i kíákíá, tó ń fa èjìká. Àwọn kéékèèké inú lọ́hùn-ún dà bí ọdẹ aṣọ́lé: iṣẹ́ wọn kò le, ṣùgbọ́n wọn kì í sinmi. Àwọn ló ń mú eegun kọ̀ọ̀kan dúró sí àyè rẹ̀. Bí ọdẹ bá sùn, baálé ni yóò máa ṣọ́ ilé mọ́jú, bó bá sì di òwúrọ̀, kò ní lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bí iṣan inú ọrùn bá rẹlẹ̀: àwọn ńlá á wá máa fi gbogbo ọjọ́ ṣe iṣẹ́ ìdúró tí a kò dá wọn fún. Wọ́n á le, wọ́n á máa ro, kókó á sì yọ nínú wọn.

Àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì ní Ọsirélíà, tí Gwendolen Jull ti Yunifásítì Queensland jẹ́ aṣáájú láàárín wọn, ṣe ọ̀nà kan tí a fi lè dán èyí wò. Aláìsàn yóò dùbúlẹ̀ lójú òfuurufú, wọ́n á fi àpò róbà kékeré tó ní atẹ́gùn sí abẹ́ ọrùn rẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ ẹ dé 20 lórí irú òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Yóò wá mi orí díẹ̀ bí ẹni tó ń sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni,” kí òṣùwọ̀n lè máa gòkè ní méjì-méjì títí dé 30, kí ó sì dúró díẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ ti ọrùn wá kì í lè dé òkè. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àwọn iṣan ńlá iwájú ọrùn á ti gba iṣẹ́ náà ṣe.

4.0 Bí ìrora ọrùn ṣe ń di ẹ̀fọ́rí

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé: bó bá jẹ́ ọrùn ló ń ṣe ènìyàn, kí ló dé tó fi jẹ́ iwájú orí tàbí ẹ̀yìn ojú ni ó ti ń dùn ún? Ìdáhùn wà nínú bí a ṣe to àwọn iṣan ìmọ̀lára.

Iṣan ìmọ̀lára mẹ́ta tó kọ́kọ́ jáde láti ọrùn ló ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ iṣan ẹran àti oríkèé tó wà ní òkè ọrùn àti ìpàkọ́. Iṣan ìmọ̀lára mìíràn, trigeminal, tó jẹ́ ìkarùn-ún nínú méjìlá tó ti inú agbárí jáde, ló ń gba ìròyìn láti iwájú orí, ojú, ẹ̀bátí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀nà méjèèjì yìí pàdé níbi kan náà, ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó dà bí ìlú méjì tí òjíṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ gba ẹnu ibodè kan ṣoṣo kọjá sí ààfin. Bí òjíṣẹ́ ọrùn bá ń ké tantan lójoojúmọ́, ọba tó wà nínú ààfin lè gbọ́ igbe náà bí ẹni pé ìlú iwájú orí ni ó ti wá. Ìdí nìyí tí a fi tẹ ìpàkọ́ wa tó fi jẹ́ ojú ni ó ti dùn wá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ní 1995, Gary Hack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe ìsopọ̀ kan láàárín ọ̀kan nínú àwọn iṣan kéékèèké abẹ́ ìpàkọ́ àti awọ tó bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Awọ yìí mọ ìrora púpọ̀. Ìsopọ̀ náà jẹ́ kí a rí i pé iṣan tó le gbagidi lábẹ́ ìpàkọ́ kò jìnnà sí inú orí bí a ṣe rò.

Ṣùgbọ́n ẹnu ibodè yẹn ń ṣiṣẹ́ síwá sẹ́yìn. Bí ìrora ọrùn ṣe lè fara hàn lórí, bẹ́ẹ̀ ni ìrora orí lè fara hàn lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹ̀fọ́rí túúlu ló máa ń sọ pé ọrùn ló kọ́kọ́ le. Nígbà mìíràn, túúlu náà ló ti bẹ̀rẹ̀, ọrùn wulẹ̀ ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà, kò tọ́ kí a gbọ́ pé ọrùn ń dun ẹni tí orí ń fọ́ kí a sì parí èrò sí i lójú ẹsẹ̀ pé ọrùn ló fà á.

5.0 Oríṣi ẹ̀fọ́rí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ọrùn kàn

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀fọ́rí tó ti ọrùn wá gan-an. Ottar Sjaastad, oníṣègùn ará Nọ́wè, ló fún un ní orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n, cervicogenic headache, ní 1983. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ó sábà máa ń wà, kì í sì í ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, yíyí ọrùn tàbí títẹ̀ ẹ́ máa ń ru ú sókè, ọrùn kì í sì í yí dé ibi tó ń yí dé tẹ́lẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀fọ́rí tó máa ń fún orí yíká bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já dì í. Òun ló wọ́pọ̀ jù lọ láyé. Ọ̀tún àti òsì ni ó máa ń kàn, kì í sì í dí ènìyàn lọ́wọ́ láti rìn tàbí láti gun àtẹ̀gùn. Bí a bá fọwọ́ tẹ iṣan ìpàkọ́, ẹ̀bátí àti èjìká ẹni tó ní in, ó máa ń dùn ún ju bó ṣe ń dun ẹlòmíràn lọ. Àníyàn, àìsùn àti eyín pípa pọ̀ máa ń dá kún un.

Ẹ̀kẹta ni túúlu. Ó máa ń lù kì-kì-kì, ó máa ń mú èébì wá, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo á sì di ọ̀tá. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gba wákàtí mẹ́rin sí ọjọ́ mẹ́ta. Inú ọpọlọ ni gbòǹgbò túúlu wà. Títọ́jú ọrùn lè dín ìnira ẹni tó ní in kù, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìtọ́jú dókítà.

6.0 Ohun tó ń dá iṣan ọrùn lágara

Bí orí bá jókòó tààrà lórí ọrùn, ẹrù rẹ̀ kò ju kílò márùn-ún náà lọ. Ṣùgbọ́n bí orí bá ṣe ń tẹ̀ síwájú ni iṣan ẹ̀yìn ọrùn yóò máa fà á kí ó má baà ṣubú. Kenneth Hansraj, oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ní New York, ṣe ìṣirò kan ní 2014 tó fi hàn pé bí orí bá tẹ̀ dé igun 60, agbára tó ń tẹ ọrùn lè tó nǹkan bíi kílò 27. Ìṣirò ni, kì í ṣe pé wọ́n gbé ọrùn sórí ìwọ̀n. Síbẹ̀ ó fi ọ̀nà han wa. Igun 60 yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé fóònù lé itan máa ń wà, òun náà ni olùkọ́ tó tẹ̀ ba ìwé ìdánwò lórí tábìlì tó rẹlẹ̀, àti télọ̀ tó dojú kọ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹni tó bá gbó dáadáa lè sọ pé àwọn ìyá wa ru igi, wọ́n ru omi, síbẹ̀ ọrùn wọn nà ṣánṣán. Òótọ́ wà nínú èyí. Ẹni tó gbé òṣùká lérí kò lè tẹ orí ba. Ẹrù náà yóò já bọ́. Ó ní láti na ọrùn, kí gbogbo eegun méje to ara wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí a wá máa yin ẹrù wúwo. Ẹrù tó pọ̀ jù lórí máa ń tẹ eegun ọrùn mọ́ra, ó sì ń pa ọmọdé lára. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìdúró ọrùn ṣe pàtàkì bí ẹrù náà ti ṣe pàtàkì.

7.0 Oògùn tó ń di ẹ̀fọ́rí

Àwọn àgbà ní, “Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.” A kì í bẹ́ orí lónìí, ṣùgbọ́n oògùn àlòjù kò jìnnà sí i. Ìpínsísọ̀rí 2018 tí a mẹ́nu bà lókè sọ ọ́ gbangba: ẹni tó ti ní ẹ̀fọ́rí bárakú, tó sì ń lo parasitamọ́ọ̀lù tàbí irú rẹ̀ fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa bí ẹ̀fọ́rí. Bó bá jẹ́ oògùn alápòpọ̀ tàbí èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó láti dá a sílẹ̀. Orí ń fọ́, a lo oògùn. Oògùn tán lára, orí tún fọ́. A tún lo oògùn. Bí a ṣe ń yí po nìyẹn.

Ìpalára rẹ̀ kò sì mọ sí orí. Parasitamọ́ọ̀lù tó ju bó ṣe yẹ lọ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ibuprofen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá egbò sí ikùn, wọ́n sì ń pa kíndìnrín lára. Ẹni tó bá rí i pé òun ti wọ inú èyí kò gbọ́dọ̀ tìjú láti sọ fún dókítà.

8.0 Ọ̀nà àbáyọ

Ní 2002, Jull àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ẹni 200 tó ní ẹ̀fọ́rí tó ti ọrùn wá. Wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí: àwọn kan gba ìtọ́jú ọlọ́wọ́, àwọn kan ṣe eré ìdárayá tó ń jí iṣan inú ọrùn àti ti èjìká, àwọn kan ṣe méjèèjì, àwọn ìyókù kò gba ọ̀kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìtọ́jú náà gbà. Lẹ́yìn oṣù 12, ẹ̀fọ́rí àwọn tó gba ìtọ́jú ṣì dínkù, ní iye ìgbà àti ní líle. Ohun tó wú wa lórí ni pé eré ìdárayá náà kò la ipá lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó láti máa ṣe é nílé. Róòbù àti ọwọ́ rírà máa ń mú ara tù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jí ọdẹ tó sùn.

Ohun tí a lè ṣe nìyí. Kí a dùbúlẹ̀ lójú òfuurufú, kí a fi aṣọ pẹlẹbẹ rọ orí díẹ̀. Kí a fa àgbọ̀n sí ìhà ọ̀fun jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń mi orí pé “bẹ́ẹ̀ ni,” láìgbé orí kúrò nílẹ̀. Kí a dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí a tú u, kí a tún ṣe é títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí iṣan tó wà lókè ọrùn bá ti ń le bí okùn, a ti lo agbára jù. Èkejì, kí a jókòó, kí a fa egungun palaba èjìká méjèèjì sẹ́yìn àti sísàlẹ̀ díẹ̀, kí a dúró, kí a tú u. Bí èyíkéyìí bá mú ìrora tàbí òòyì wá, kí a dáwọ́ dúró, kí a lọ rí oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì.

Nípa iṣẹ́ wa gan-an, kí a gbé ìwé sókè dípò kí a gbé orí sílẹ̀. Àwa kan pákó pẹlẹbẹ kan tó dagun, a ń gbé ìwé ìdánwò lé e lórí. Ní gbogbo ìdajì wákàtí, kí a dìde, kí a rìn dé ẹnu ọ̀nà. Kí fóònù wá bá ojú. Kí ojú má lọ bá fóònù.

A gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa àṣà kan. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí onígbàjámọ̀ fọn ọrùn wọn lójijì títí yóò fi dún kọ̀! Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tó ń lọ sí ọpọlọ gba inú ihò eegun ọrùn kọjá. Fífọn òjijì lè fà á ya, èyí sì lè yọrí sí àrùn rọpárọsẹ̀.

9.0 Àmì tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú

Kì í ṣe gbogbo ọrùn líle ni iṣan ń fà. Ní apá Àríwá orílẹ̀-èdè yìí, lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ibà gbígbóná pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí àti ọrùn tí kò ṣe é tẹ̀ síwájú lè jẹ́ àrùn lọ́rùnlọ́rùn, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní sankarau. Wákàtí díẹ̀ ti pọ̀ jù láti fi jáfara. Ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀fọ́rí tó dé lójijì tó sì le ju gbogbo èyí tí ènìyàn ti ní rí; èyí tó tẹ̀lé ìjàǹbá ọ̀kadà tàbí ìṣubú; èyí tó bá ahọ́n lílọ́, ojú ṣíṣú tàbí ọwọ́ kan tó rọ rìn; àti ẹ̀fọ́rí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹni àádọ́ta ọdún. Nínú oyún, ẹ̀fọ́rí líle tó bá ojú ṣíṣú tàbí ara wíwú rìn kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la.

10.0 Àgbálọgbábọ̀ àti ìmọ̀ràn

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé ọrùn àti orí kì í ṣe àjèjì síra wọn. Iṣan ìmọ̀lára wọn ń gba ẹnu ibodè kan náà kọjá. Iṣan tó rẹlẹ̀ nínú ọrùn ń gbé iṣẹ́ fún iṣan tí kò yẹ. Oògùn tí a fi ń pa ìró náà sì lè wá di okùnfà rẹ̀. A dábàá pé kí àwọn ilé ìtọ́jú inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ máa béèrè bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń jókòó àti iye oògùn tó ń lò kí wọ́n tó kọ oògùn mìíràn fún un. A dábàá pé kí àwọn aláṣẹ máa wo gíga tábìlì bí wọ́n bá ń ra ohun èlò kíláàsì. A sì rọ àwa olùkọ́ èdè pé kí a máa fi ìyàtọ̀ sáàárín iṣan ẹran, iṣan ìmọ̀lára àti iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ wa, kí aláìsàn àti oníṣègùn lè gbọ́ ara wọn yé.

Ní tiwa, ẹ̀fọ́rí náà kò kúrò nílẹ̀ pátápátá. Bí ìwé ìdánwò bá pọ̀ jù, ó ṣì máa ń kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n oògùn kò sí nínú àpò wa mọ́, a sì ti mọ ibi tí ẹrù ti wọ́.